Bí Mo Ṣe Yọ Ọ̀rọ̀ Kúrò Lábẹ́ Ìlù

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ Give Up, àwo orin tí The Postal Service, ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà kan, gbé jáde lọ́dún 2003, àmọ́ ìlù rẹ̀ ni mo ń gbọ́. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe ìlù ọ̀hún, ó ń ta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, orí èèyàn á kàn máa mì ni. Láìpẹ́ yìí ni mo ní kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Mo mú ìwé àti báírò, mò ń dá orin dúró ní ìlà-ìlà, mò ń kọ ohun tí mo gbọ́. Bí orin kan bá tán, màá kà á sókè láìsí ìlù, màá wá kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá wí?

Wọ́n jọ lẹ́tà nígbà tí mo ń kà wọ́n báyẹn, kò sì yà mí lẹ́nu. Los Angeles ni Jimmy Tamborello ti ń ṣe ìlù, Seattle ni Ben Gibbard ti ń fi ọ̀rọ̀ sí i, ọ̀nà ìfìwéránṣẹ́ ni iṣẹ́ sì ń gbà lọ gbà bọ̀ láàárín wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ ti wá: iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni Postal Service. Àwọn aláṣẹ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ̀wé pé kí wọ́n fi orúkọ àwọn sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n yanjú ẹ̀, wọ́n tún pè wọ́n wá kọrin níbi ìpàdé àwọn ọ̀gá wọn.

Orin àkọ́kọ́, The District Sleeps Alone Tonight, ló dá mi dúró jù. Ọkùnrin kan lọ wo obìnrin tó ti kó lọ sí Washington. Báàjì wà láyà rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, kí àwọn ọ̀rẹ́ tuntun obìnrin náà lè mọ̀ pé àlejò ni. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ ẹ̀ o! Síbẹ̀ ó ń ṣàlàyé pé òun kàn yà ni. Mo ti ń retí kó ṣépè, torí nínú orin ìfẹ́ tí mo gbọ́ dàgbà, ẹni tí wọ́n já jù sílẹ̀ ló máa ń pe ẹnì kejì ní ọ̀dàlẹ̀. Tiẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́wọ́ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó mú àwo yìí bani nínú jẹ́ nìyẹn: ẹni tó ń sunkún mọ̀ pé òun ló jẹ̀bi.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Orin Nothing Better ò dá ẹjọ́ tiẹ̀ lápá kan. Ọkùnrin ń ké pé kí wọ́n pe oníṣẹ́ abẹ wá, kó la àyà òun, kó tún ọkàn òun ṣe. Jen Wood, obìnrin tó bá a kọ orin náà, dá a lóhùn bíi tíṣà, ó ti ya àwòrán ìṣirò, ó ti múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lórí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo kọ ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì.

Such Great Heights tí gbogbo ayé mọ̀, mi ò pẹ́ níbẹ̀. Ìfẹ́ ibẹ̀ ṣì ń dùn. Natural Anthem, ìlù ló pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ ò yọjú títí ó fi fẹ́ẹ̀ parí.

Orin tí wọ́n fi orúkọ Clark Gable, òṣèré fíìmù ayé àtijọ́, pè ni mo fi sẹ́yìn. Ọkùnrin náà ní kí obìnrin àtijọ́ wá bá òun ṣe fíìmù, kí wọ́n díbọ́n bí ẹni tó ṣì nífẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ní obìnrin náà gbà. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ìwé mi, níbi tí mo ti ń kọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: òun nìkan náà ni. A ò gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin.