Bí ẹ bá fẹ́ gbé fíríìjì gba orí àtẹ̀gùn
Ẹ̀yin ará, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo inú fíríìjì náà jáde, kí ẹ sì fi okùn di ilẹ̀kùn rẹ̀ pinpin. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni ìwúwo ẹrù máa ń tẹ̀ jù, yálà ẹ ń gòkè ni o tàbí ẹ ń sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó lágbára jù ni kó wà níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa pàṣẹ. Bó bá yọ̀ lọ́wọ́ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ yà fún un kíá! Ẹ má dá a dúró rárá. Fíríìjì ṣeé rà, ẹsẹ̀ kò ṣeé rà. Tí ẹ bá dà á dùbúlẹ̀ rí lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kó dúró lóòró fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó tan iná sí i, kí òróró inú ẹ̀rọ rẹ̀ lè padà sáyè rẹ̀.