Bí a ṣe ń tún klarinẹ́ẹ̀tì onígi tó sán ṣe

Igi mpingo, tí wọ́n ń gé ní Tànsáníà àti Mòsáńbíìkì, ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọ̀pọ̀ klarinẹ́ẹ̀tì, ohun èlò orin tí a ń fi ẹnu fun. Ó le, ó sì wúwo, síbẹ̀ ó ń fa omi. Bí a bá ń fun ún, èémí wa á mú kí inú rẹ̀ gbóná kí ó sì wú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ tí ọyẹ́ tàbí ẹ̀rọ amúlétutù ti gbẹ kò ní lè bá a wú, yóò sì sán ní gígùn, pàápàá lápá òkè.

Bí ẹ bá rí i pé ó ti sán, ẹ má fun ún mọ́. Ẹ nu inú rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má fi òróró pa á, nítorí gọ́ọ̀mù kì í mú igi olóròóró.

Ẹ tú àwọn irin ìtẹ̀ tó wà nítòsí. Ẹ fi òwú tí a rẹ sínú sípírítì nu ojú rẹ̀: ara igi á gbẹ kíákíá, ṣùgbọ́n ìlà tútù kan á ṣẹ́kù níbi tó ti sán, ó sì sábà máa ń gùn ju èyí tí ojú rí lọ.

Ibi gọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́. Super Glue tó ṣàn bí omi ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó ki. Ẹ kọ́kọ́ ká bébà tí a fi àbẹ́là pa sínú ihò gbogbo tí ìlà náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti rí ẹnì kan tó da gọ́ọ̀mù sí i tààrà láti ẹnu ike. Ó ṣàn wọ ihò kan, ó gbẹ síbẹ̀, ohùn ihò náà kò sì bọ̀ sípò mọ́. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni èmi ń lò: n ó fi orí rẹ̀ gbé ẹ̀kán kan, n ó fi kan ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, n ó sì dúró títí igi yóò fi fà á mu kí n tó fi òmíràn sí i. Bí àlàfo bá ṣẹ́kù, lẹ́búlẹ́bú tí a fi sandípépà họ lára klarinẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́ ni kí ẹ fi dí i.

Gọ́ọ̀mù nìkan kò tó, nítorí igi náà yóò tún wú. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, láàárín ihò méjì, kí ẹ sì wé okùn káábọ̀n tí a fi epoxy (gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ tó máa ń le) pa sínú rẹ̀, kí ó le dáadáa bí okùn ọwọ́ ọkọ́. Àwọn kan ń gún irin tín-ínrín la ibi tó sán kọjá. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ti ṣe é rí.

Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ máa fun ún, fún ọ̀sẹ̀ méjì.