Bí A Ṣe Ń Fara Da Ẹ̀bi Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́ Ìkẹyìn Ajá Wa
Ẹni tó gbà kí dókítà ẹran gún ajá rẹ̀ tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, èyí tí a fi ń jẹ́ kí ẹran kú ní ìrọ̀rùn, ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé oògùn akunilóorun tó pọ̀ ju ìwọ̀n lọ ni, àti pé ajá náà yóò ti sùn lọ kí ọkàn rẹ̀ tó dáwọ́ lílù dúró. Ní Kétu níbí, àwọn kan yóò ní ajá lásán ni. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ wá ẹni tó mọ ajá náà, kí ẹ rò fún un bí kò ṣe lè dìde mu omi mọ́, nítorí ẹ̀bi a máa mú wa gbàgbé àìsàn. Àwo rẹ̀ tó wà lẹ́bàá àmù, ẹ má tíì gbé e kúrò. Oṣù kan ni mo fi tèmi sílẹ̀.