Bí A Ṣe Ń Yẹ Ọkọ̀ Àlòkù Wò Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Lò Ó

Ọkọ̀ tí ẹnì kan ti wà nílùú yìí fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, tó wá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tà, lè sàn ju tòkúnbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti èbúté jáde lọ. Ẹni tó ń lò ó wà níwájú yín. Ẹ lè bi í léèrè ibi tó ti ń tún un ṣe, ẹ sì lè wo ilẹ̀ tó ń gbé e sí bóyá ọ́ìlì ti sàmì síbẹ̀. Síbẹ̀, owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti wọgbó nídìí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé ohun tí kò tó nǹkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n á tan ẹ́síì, wọ́n á fọwọ́ pa ìjókòó, wọ́n á ta táyà nípàá, wọ́n á ní ọkọ̀ náà mọ́. Ẹ́síì tó tutù kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí ẹ ó mú lọ kò pọ̀: tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, tìṣù funfun, páálí tí ẹ ó tẹ́ sílẹ̀ láti wo abẹ́ ọkọ̀, àti mágnẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fowó ra mágnẹ́ẹ̀tì. Ti inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ tó, ẹ kàn fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e kó má baà ha ọ̀dà ọkọ̀ olọ́kọ̀. Ẹ má gbára lé tọ́ọ̀ṣì fóònù, torí pé fóònù lẹ ó fi máa ya àwòrán.

Ẹ mú mẹkáníìkì yín lọ, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ júwe. Kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ ti san owó ìyẹ̀wò fún un, kó mọ̀ pé bí ẹ rà á, bí ẹ ò rà á, owó òun ti pé. Mẹkáníìkì tó ń retí kí olọ́kọ̀ fún òun ní nǹkan lẹ́yìn títà kò ní rí àbùkù ọkọ̀ náà, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì bọ́ sí kọ̀rọ̀.

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù

Bí ẹ ò bá ní ṣe ohun mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ ṣe èyí. Ẹ pe ẹni tó ń tà á lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ sọ fún un pé aago méje àárọ̀ lẹ ń bọ̀, kó má ṣáná sí ọkọ̀ náà rárá títí ẹ ó fi dé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ bi í pé kí ló dé. Á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbé ọmọ lọ síléèwé ni, tàbí pé òun fẹ́ kí bátìrì gba iná díẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Mo ti rí àwọn tójú tì láti padà, tí wọ́n yẹ ẹ́ńjìnnì gbígbóná wò torí pé láti Òṣogbo ni wọ́n ti wá. Owó tí wọ́n fi wọkọ̀ láti Òṣogbo kò tó nǹkan kan lára owó ẹ́ńjìnnì.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Irin máa ń fẹ̀ bó bá gbóná. Ariwo tí pístìnnì tó ti jẹ ń pa ní tútù á rọlẹ̀, èéfín àkọ́ṣáná á ti lọ, sítátà tó ń lọ́ra á dà bí èyí tó yá, jíà tó máa ń pẹ́ kó tó gbá á ti máa gbá. Ẹni tó mọ ìwà ọkọ̀ rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí ẹ bá a ní tútù bó bá lè yẹ̀ ẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná, ẹ ṣí ìdérí rádíétọ̀. Ní tútù nìkan o. Bó bá gbóná, omi tó máa tú jáde lè bó èèyàn lójú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kúlàǹtì, omi olóògùn tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, yálà aláwọ̀ ewé tàbí pupa, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ omi tó dípẹtà, omi ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń bù sí i, irin inú rẹ̀ ti ń jẹ. Bí ọ́ìlì bá léfòó sórí omi náà, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń dí àárín ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀, ti délẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ yí i dojú délẹ̀, kí ẹ sì wo inú rẹ̀. Ọ́ìlì tó ti funfun bí ògì níbẹ̀ ti po pọ̀ mọ́ omi. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ, ẹ nù ún sára tìṣù, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á yọ. Ọ́ìlì dúdú kò burú, ó lè jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ló ti tó. Èyí tó burú ni kí ẹ rí ẹ̀rúnrún irin tó ń dán lórí tìṣù, tàbí kí ọ́ìlì má kan orí géèjì rárá. Ọ́ìlì tuntun kìnìnkìnnìn nínú ọkọ̀ tó ti gbó gba ìbéèrè: àwọn kan máa ń rọ ọ́ìlì tó ki sínú rẹ̀ láti pa ariwo mọ́ di ọjọ́ tí wọ́n bá tà á.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí ìdérí rádíétọ̀ wà ní ṣíṣí, kí mẹkáníìkì dúró tì í, kí olọ́kọ̀ ṣáná, kí ẹ̀yin dúró sẹ́yìn sàlẹ́ńsà. Èéfín funfun díẹ̀ tó parẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan kì í ṣe nǹkan, pàápàá nígbà ọyẹ́. Funfun tí kò tán, tó sì ń rùn dídùn dídùn, kúlàǹtì ló ń jó. Aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Dúdú, epo ló pọ̀ jù, ìyẹn sì ṣeé tún ṣe. Níwájú, bí omi rádíétọ̀ bá ń ho ṣáá tó ń tú jáde, afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ti ń gba ojú gáskẹ́ẹ̀tì kọjá. Ẹni tó ń tà á á ní gáskẹ́ẹ̀tì kò wọ́n. Òótọ́ ni, gáskẹ́ẹ̀tì kò wọ́n. Orí ẹ́ńjìnnì tí ooru ti tẹ̀ ló wọ́n, ẹ ò sì lè mọ̀ bóyá ó ti tẹ̀ àfi tí wọ́n bá tú u.

Ẹ dé rádíétọ̀ padà, ẹ má tan ẹ́síì, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Fáànù ní láti sinmi lákọ̀ọ́kọ́, kó wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, kó tún dúró. Fáànù tó bá ń yí láti ìgbà tí ẹ ti ṣáná láì sinmi, ó ṣeé ṣe kí ríwáyà ti so ó tààrà. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti yọ tamosítáàtì, tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, náà. Ohun méjèèjì yìí ni wọ́n sábà máa ń ṣe fún ọkọ̀ tó ti ń gbóná jù rí. Èmi ò jẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, iye yòówù kí wọ́n já a sí.

Ẹni tó bá ń wo Camry tí gbogbo wa ń pè ní Muscle, ti 2007 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4, kó fi ojú sí géèjì ọ́ìlì gan-an. Toyota fúnra wọn gbà ní Amẹ́ríkà pé ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ń jẹ ọ́ìlì, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ èèyàn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Iná dáṣíbọ́ọ̀dù

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná á ti tàn, ẹ má tíì ṣáná. Iná ẹ́ńjìnnì, ti ọ́ìlì, ti eébáàgì àti ti ABS (ti bíréékì) gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n wá kú lẹ́yìn tí ẹ bá ṣáná. Èyí tí kò bá tàn rárá ni kó kọ yín lóminú, torí pé wọ́n lè ti yọ gílóòbù rẹ̀ kẹ́ ẹ má baà rí ẹ̀sùn tó ń pè. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ibi tí wọ́n ń ki sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀sùn ọkọ̀, sí, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí orúnkún awakọ̀. Sìkánà kékeré tó ń lo Bluetooth pẹ̀lú fóònù yín ti tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọlọ́wọ́ gọbọi fún yín. Bó bá ní kò sí ẹ̀sùn kankan, ẹ tún wo ibi tó ti ń sọ bóyá àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀ ti parí. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò bá tíì parí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àwọn ẹ̀sùn náà rẹ́, tàbí kó yọ orí bátìrì, láàárọ̀ yẹn tàbí lánàá.

Ara ọkọ̀

Ẹ gbé mágnẹ́ẹ̀tì kiri ara rẹ̀, pàápàá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti òkè táyà ẹ̀yìn. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ ni wọ́n ti fi pútì dí. Ẹ wo àwọn bóòtì tó di fẹ́ńdà mú: ọ̀dà tó há lórí wọn fi hàn pé wọ́n ti tú u rí. Ìkọlù díẹ̀ níwájú kò ba ọkọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ojú wẹ́dà lórí ọ̀pá tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á.

Ọkọ̀ tó ti mu omi tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé wáyà rẹ̀ á máa jẹra díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìjì Katrina ní 2005 àti Harvey ní 2017, Lẹ́kkí àti Ajah tiwa náà sì ń mu omi lọ́dọọdún. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí tó fi dópin. Ẹrẹ̀ máa ń fi ìlà sílẹ̀ sára rẹ̀ níbi tí ẹni tó ń fọ ọkọ̀ kì í dé. Ẹ wo bóòtì abẹ́ ìjókòó bóyá ó dípẹtà. Lọ́fínńdà tó bá ń ta síni nímú kí ẹ tó wọlé, ẹ bèèrè ohun tó ń bò mọ́lẹ̀.

Nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17. Èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, èyí tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ àti èyí tó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010. Ẹni tó bá ní 2010 ni tòun, tí 8 sì wà níbẹ̀, ẹ fi han án. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú VIN. Bí ẹ bá rí wọn, ayédèrú ni.

Wíwà á

Ẹ tẹ bíréékì, ẹ fi jíà sí rìfáàsì, lẹ́yìn náà sí D. Ó gbọ́dọ̀ gbá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìta yín síwájú. Ọ́ìlì jíà lórí tìṣù gbọ́dọ̀ pupa. Dúdú tó ń rùn bí i pé ó jóná kò dáa. Lórí Honda Accord tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, bó bá jẹ́ V6, ìyẹn ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, ẹ lo ìlọ́po méjì àkókò nídìí jíà. Ní 2004, Honda pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà nítorí jíà, Accord V6 ti 2003 àti 2004 sì wà lára wọn.

Ẹ pa rédíò, kí ẹ wá òkè gùn. Ní Ìbàdàn, òkè Màpó láàárọ̀ Sunday ni mo máa ń lò; ará Èkó lè gun afárá. Jíà tó ń yọ̀ tàbí tó ń lọ́ra á fi ara rẹ̀ hàn lórí òkè. Ariwo lórí gálọ́ọ̀pù, búṣì tàbí ṣọ́ọ̀kù ni, ẹ fi já owó. Ti táyà náà rí bẹ́ẹ̀: òǹkà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀, 3519 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2019.

Ìwé àti owó

Orúkọ orí ìwé àti orúkọ orí káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ bára mu. Bó bá ní ti ẹ̀gbọ́n òun ni, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n náà wá. Ẹ yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ wò lórí ojú ewé FRSC. Ẹ mú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù lọ fún ajẹ́ntì tó ní láísẹ́ńsì kó yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé. Èyí tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì.

Ẹ sanwó nínú báńkì, lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí ìhà méjèèjì. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ kejì àti gbogbo ojúlówó ìwé kí owó tó kúrò, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ ti yí orúkọ ìwé padà sí tiyín, kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ẹ sì fọ rádíétọ̀ kí ẹ rọ kúlàǹtì tuntun sí i.