Àṣìṣe tó ń tètè fòpin sí iṣẹ́ oníjà kickboxing tó wúwo

Láàárín àwọn tó wúwo jù nínú kickboxing, ìjà tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ jà, ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo lè parí ìjà. Ohun tó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ náà nìyẹn, torí agbára yẹn máa ń tan ẹni tó ni ín jẹ. Ẹni tó bá ti na èèyàn márùn-ún mọ́lẹ̀ ní abala kìn-ín-ní yóò máa rò pé kò sí nǹkan tó kù láti kọ́. Ọjọ́ tó bá pàdé ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ náà kò gbé ṣubú ló máa tó mọ̀ pé èémí òun kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Sísanra nítorí pé ìwọ̀n kò ní ààlà

Ní Glory, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣètò ìjà kickboxing, ẹni tó bá ti ju 95kg lọ ti wọ ẹ̀ka àwọn tó wúwo jù, kò sì sí iye tí ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọn 99kg, tí ara rẹ̀ yá gágá, yóò rí i pé alátakò òun wọn 118kg, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun òru. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, ó ti di 112kg, ọ̀rá ló sì fi kún un. Ọ̀rá kì í jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ́ le sí i. Ẹsẹ̀ àti ọkàn ni yóò máa gbé e kiri fún abala mẹ́ta oníṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, tàbí abala márùn-ún bó bá jẹ́ pé bẹ́líìtì ni wọ́n ń jà sí.

Àwọn kan máa ń fi oníjà kan tó ń jẹ́ Semmy Schilt ṣe àwíjàre. Òótọ́ ni pé ó tóbi, ó sì gba ife K-1 World Grand Prix, ìdíje ńlá kickboxing, ní 2005, 2006, 2007 àti 2009. Ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2.12, ọwọ́ iwájú rẹ̀, ìpá tààrà sí ikùn àti orúnkún rẹ̀ ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Israel Adesanya, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, tó sábà ń jà ní nǹkan bí 85kg, wọ ìdíje 100kg ní New Zealand, ó sì borí. Kò jẹun kó lè tó wọn; ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yára àti bó ṣe mọ àlàfo tó wà láàárín òun àti alátakò ló lò.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kìló tuntun bá yín mu, ẹ gbá àpò ìdánrawò fún abala mẹ́ta, kí ẹ máa sinmi fún ìṣẹ́jú kan láàárín wọn, kí ẹnì kan sì máa ka ìpá tó le nìkan. Bí ti abala kẹta bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti abala kìn-ín-ní, ẹ dín ìwọ̀n náà kù kí ẹ tó gba ìjà kankan.

Títa ìpá sí itan láìfi ẹ̀ṣẹ́ ṣáájú

Àṣìṣe yìí ló ń ṣẹ́ egungun. Ní oṣù Kẹrin 2014 ní Istanbul, nínú àṣekágbá ìdíje 95kg ti Glory, Tyrone Spong ta ìpá sí ẹsẹ̀ Gokhan Saki. Saki gbé ẹsẹ̀ dí i, ẹsẹ̀ Spong sì ṣẹ́. Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Egungun ojúgun nípọn lókè, nítòsí orúnkún. Ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, nítòsí ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dí máa ń gbé orúnkún sókè, á yí i síta díẹ̀, ibi tó nípọn lára tirẹ̀ á sì pàdé ibi tó tín-ín-rín lára ẹni tó ń ta ìpá. Bí ẹni tó ta á bá ṣe wúwo tó ni agbára tó padà sí i lára yóò ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà ni àṣìṣe yìí fi burú fún ẹni 110kg ju fún ẹni 65kg lọ.

Ẹ má ta ìpá tó dá wá. Ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú: ọwọ́ iwájú, ọwọ́ ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ sí orí. Bó bá ti fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, tó sì fi ara tẹ ẹsẹ̀ iwájú, kò lè gbé ẹsẹ̀ yẹn mọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ iwájú tiyín yà síta bí ìwọ̀n digírì 45, kí ẹ yí lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí àárín ojúgun yín bà á ní itan, níbi tó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju orúnkún lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí ọrùn ẹsẹ̀ ló máa ń dùn yín lẹ́yìn ìdánrawò, ọ̀nà jíjìn lẹ ti ń ta á. Ẹ sún mọ́ ọn sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ìgò yí ojúgun. Ara àti iṣan tó wà lórí egungun ni ìgò ń lù, kì í mú egungun le. Àpò tó wúwo, tí ẹ ń gbá díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ló ń mú un le.

Ọwọ́ tí a kò dì dáadáa

Ní 2002, Bob Sapp, tó wọn ju 150kg lọ, na Ernesto Hoost lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìjà kejì, ní ìpele àwọn oníjà mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú Grand Prix K-1, ọwọ́ Sapp ti ṣèṣe, kò lè tẹ̀ síwájú. Wọ́n dá Hoost padà dípò rẹ̀, Hoost sì gba ife náà ní ìgbà kẹrin. Ẹni tó lágbára jù ló máa ń tètè fọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, torí orí èèyàn le ju egungun ìka lọ. Fún ìdánrawò, aṣọ ìdíwọ́ tó gùn tó mítà 4.5 ni kí ẹ lò: ìyípo mẹ́ta sí mẹ́rin ní ọrùn ọwọ́, ìtìmù tó nípọn lórí kókó ìka, lẹ́yìn náà kí ó gba àárín ìka kọ̀ọ̀kan kọjá. Ibọ̀wọ́ tó wọn 16 oz (ọ́ǹsì) ni kí ẹ fi bá ẹlòmíràn dánra wò. Ẹ fi ti 10 oz sílẹ̀ di ọjọ́ ìjà.

Jíjẹ ẹ̀ṣẹ́ orí nínú ìdánrawò

Kò sí ẹni tó ń sanwó fún ẹ̀ṣẹ́ tí ẹ jẹ nínú jíìmù. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jẹ èyí tó pọ̀ jù, torí kò sí rẹfirí, kò sí dókítà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó fún ìdánrawò tó le. Kí ìyókù jẹ́ ti ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí ti ikùn àti ẹsẹ̀ nìkan. Bí wọ́n bá na oníjà dákú, àwọn aláṣẹ ìjà sábà máa ń dá a dúró fún 30 sí 90 ọjọ́. Àṣìṣe tó léwu jù ni kó tún wọ ibọ̀wọ́ nínú jíìmù lọ́sẹ̀ kejì, torí pé ibẹ̀ kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, tí ìmọ́lẹ̀ kò bá a lójú mu, ilé ìwòsàn ni kó lọ.

Ìbínú lórí rìǹgì

Ní oṣù Kejìlá 2008 ní Yokohama, Badr Hari tẹ Remy Bonjasky mọ́lẹ̀ nígbà tó ti ṣubú, nínú àṣekágbá Grand Prix. Wọ́n lé e kúrò nínú ìjà náà, ife di ti Bonjasky, wọ́n sì gba bẹ́líìtì àwọn tó wúwo tó wà lọ́wọ́ Hari.

Ìwé àdéhùn tí a kò kà

Mánéjà lè sọ pé kò sí àkókò. Àkókò wà. Ẹ wo ohun mẹ́ta: iye ìjà tí wọ́n ṣèlérí láàárín ọdún kan, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá fún yín ní ìjà, àti bóyá ìwé náà ń gùn fúnra rẹ̀ bí ẹ bá di aborí. Ẹni tí wọ́n fún ní ìjà kan ṣoṣo lọ́dún, tí wọn kò sì jẹ́ kó jà níbòmíràn, ti ń pàdánù ọdún tí ara rẹ̀ ṣì dára jù.

Ẹ kọ ọjọ́ ìsanwó sílẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ ńlá kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni: FEG, ilé iṣẹ́ tó ń darí K-1 nígbà náà, jẹ àwọn oníjà ní gbèsè, kó tó di pé ó wọ gbèsè tán pátápátá ní 2012. Kí ìwé sọ iye tó gbọdọ̀ wọ àpò yín kí ẹ tó gun ọkọ̀ òfuurufú, owó ilẹ̀ wo ni yóò jẹ́, ta ni yóò san owó orí ní ilẹ̀ tí ìjà ti wáyé, ta ni yóò sì sanwó ilé ìwòsàn bí egungun bá ṣẹ́. Bí mánéjà bá ń gba ìdá kan nínú owó náà, kí ìwé sọ bóyá ṣáájú ìyọkúrò owó orí ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Agbẹjọ́rò tó bá ka ìwé náà fún yín kò gbọdọ̀ jẹ́ ti mánéjà yín.