Bí mo ṣe kó ọmọ méjì kúrò ní ilé ìwé láàárín ọdún ní England

Oṣù Kejì la kó kúrò ní ilé wa àtijọ́. Ọmọ mi obìnrin wà ní Year 5, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní Year 1. Èrò mi ni pé tá a bá ti dé ilé tuntun, màá kàn fa àwọn méjèèjì lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwé tó wà nítòsí, màá ní "a ti dé o", wọ́n á sì gbà wọ́n wọlé. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló gbà kí àwọn méjèèjì tó jọ wà lójú kan. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni mò ń kọ síbí, fún ẹni tó fẹ́ kó ilé tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ilé ìwé ìjọba ní England ni mò ń sọ o. Scotland àti Wales ní òfin tiwọn, ti ilé ìwé olówó sì wà láàárín ẹ̀yin àti àpò yín.

Àkọ́kọ́ ná: ẹ má tíì yọ orúkọ ọmọ kúrò níbi tó wà. Díẹ̀ ló kù kí n ṣe é. Mo pe akọ̀wé ilé ìwé àtijọ́ pé ọjọ́ Ẹtì yẹn la máa wá kẹ́yìn. Ìyá àgbà kan ni. Ó ní, níbo ni wọ́n ti gbà wọ́n? Mo ní a ò tíì kọ fọ́ọ̀mù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní òun ò ní fọwọ́ kan orúkọ wọn títí ilé ìwé míì á fi sọ ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Inú bí mi nígbà yẹn, mo rò pé ó kàn fẹ́ fi nǹkan nira fún mi ni. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ látìgbà náà. Ọmọ tó bá ti kúrò níbì kan tí kò tíì wọ ibòmíì, ilé ló máa jókòó sí, káńsù (ìjọba ìbílẹ̀) á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri.

Ẹni tọ́mọ rẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Reception (kíláàsì àkọ́kọ́ ní pírámárì) tàbí Year 7 (kíláàsì àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì) ní oṣù Kẹsàn-án ní ọ̀nà tirẹ̀. Káńsù tẹ́ ẹ̀ ń gbé lábẹ́ rẹ̀ lẹ máa kọ fọ́ọ̀mù sí, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá fún sẹ́kọ́ńdìrì, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní fún pírámárì. Èsì á jáde lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹta fún sẹ́kọ́ńdìrì, ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin fún pírámárì. Ẹ kọ gbogbo àyè tí wọ́n bá fún yín: mẹ́fà ni ní London, ibòmíì kì í dín sí mẹ́ta. Àwọn kan máa ń kọ ilé ìwé kan ṣoṣo, wọ́n ní kí wọ́n lè mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an làwọn fẹ́. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ilé ìwé kì í wo ipò tẹ́ ẹ tò ó sí kí wọ́n tó gba ọmọ, bí ọmọ yín bá sì kùnà níbẹ̀, ibi tó ṣẹ́ kù tẹ́nì kan ò fẹ́ ni káńsù máa jù ú sí.

Àwa tá a kó láàárín ọdún, in-year ni wọ́n ń pe tiwa. Níbì kan, káńsù ló ń gba fọ́ọ̀mù. Níbòmíì, ilé ìwé fúnra rẹ̀ ni. Ẹ wo wẹ́ẹ̀bù káńsù, òfin ní kí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ kó tó kọjá ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún. Ibí lèmi ti kọ́kọ́ ṣìnà. Mo pe ilé ìwé kan lórí fóònù, wọ́n ní àwọn kún, mo ní ẹ ṣé, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà tì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn. Kódà bí wọ́n bá sọ fún yín pé kò sáyè, ẹ ṣì kọ fọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fèsì ní ìwé láàárín ọjọ́ 15 tí ilé ìwé ń ṣí (ọjọ́ 10 ni wọ́n ní kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀). Tó bá jẹ́ pé wọn ò gbà á, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí, kí wọ́n sì sọ bẹ́ ẹ ṣe lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Láìsí ìwé yẹn, ẹ ò rí nǹkan kan pè lẹ́jọ́.

Àdírẹ́ẹ̀sì ló gba àkókò jù. Alẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sílẹ̀ láàárín páálí, mò ń fi fóònù ya ìwé council tax (owó orí ilé tí káńsù ń gbà) àti ìwé àdéhùn ilé. Orúkọ bàbá wọn nìkan ló wà lórí méjèèjì, lẹ́tà kan sì já nínú orúkọ náà. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù padà nítorí lẹ́tà kan yẹn. Ẹ ka gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà ilé kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó bá èyí tẹ́ ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù mu. Ìwé ìbí ọmọ, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti fún un láyè ni wọ́n lè béèrè rẹ̀, èyí kúkúrú sì ti tó. Ìwé ìgbéyàwó yín ò kàn wọ́n rárá.

Ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún pè mí sẹ́yìn pé kí n lo àdírẹ́ẹ̀sì ilé òun, torí ilé ìwé tó dáa wà lẹ́yìnkùlé òun. Mo ní ẹ ṣé mà. Tí wọ́n bá rí i pé irọ́ la fi gba àyè, wọ́n lè gbà á padà, kódà kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n ní kó máa lọ sílé nítorí irọ́ ìyá rẹ̀.

Ímeèlì dé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Wọ́n gba ẹ̀gbọ́n. Wọn ò gba àbúrò. Reception, Year 1 àti Year 2 ní òfin tó le: ọmọ 30 fún olùkọ́ kan, wọn ò gbọdọ̀ kọjá á, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ìbejì tó jẹ́ pé èkejì rẹ̀ ló pé ọmọ 30 nínú kíláàsì. (Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ẹ rántí ìyẹn.) Kíláàsì ọmọ mi ti pé 30. Ilé ìwé míì tó wà lókè àdúgbò ló ní àyè fún un, a gbà á.

Báyìí la ṣe di ẹni géètì méjì. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni méjèèjì ń ṣí, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń tì í, mẹ́tàdínlógún ni ìṣẹ́jú ìrìn láàárín wọn tí ọmọ ò bá dúró wo ìgbín. Ọmọkùnrin mi máa ń dúró wo ìgbín.

Waiting list, ìyẹn lísìtì àwọn ọmọ tó ń dúró de àyè, ló gbà wá. Ẹ má rò pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú. Gbogbo ìgbà tí orúkọ tuntun bá wọlé ni wọ́n ń tún un tò, ìlànà ilé ìwé náà ni wọ́n sì fi ń tò ó: ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba ló ń ṣíwájú, lẹ́yìn náà, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, ọmọ tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò níbẹ̀, ká tó kan ẹni tílé rẹ̀ súnmọ́. Ipò kẹfà lọmọ mi wà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, mo kọ ímeèlì láti sọ fún wọn, torí kò sẹ́ni tó máa bá mi rántí, ó sì bọ́ sí ipò kejì. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún padà sí ìkẹta. Mo sunkún díẹ̀. Ní oṣù Keje ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ibi tá a wà máa ń pa lísìtì rẹ́ tí ọdún ìwé bá parí, àfi kéèyàn kọ fọ́ọ̀mù tuntun. Ibòmíì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọ lísìtì.

Mi ò pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún un, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí. Níbi tí òfin ọmọ 30 bá ti mú, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà ò lè dá yín láre nítorí pé ọ̀nà jìn tàbí pé ẹsẹ̀ ń dùn yín. Àfi kẹ́ ẹ fi hàn pé ilé ìwé ṣe àṣìṣe tó gba àyè lọ́wọ́ ọmọ yín, tàbí pé ohun tí wọ́n ṣe kò bá làákàyè mu rárá. Láti Year 3 lọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Níbẹ̀, ìgbìmọ̀ á gbé ìnira tí ọmọ kan sí i máa kó bá ilé ìwé lé òṣùwọ̀n pẹ̀lú ìnira tọ́mọ yín máa rí tí wọn ò bá gbà á. Arábìnrin kan ní ìjọ wa járe fún ọmọ Year 4. Lẹ́tà dókítà ló kó lọ, kò sọ̀rọ̀ nípa bí ilé ìwé àtijọ́ ṣe burú tó. Wọn ò gba ẹjọ́ lórí ìyẹn. Ẹjọ́ in-year, láàárín ọjọ́ 30 tí ilé ìwé ń ṣí ló yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù Kẹwàá, fóònù dún ní ibi iṣẹ́. Ìdílé kan ti kó lọ, àyè kan ṣí ní Year 2, ṣé a ṣì fẹ́ ẹ? Mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni kó tó sọ tán. Ìgbà yẹn ni mo tó pe ilé ìwé rẹ̀ pé ó ń lọ, mo sọ ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ń lọ. Àwọn ló ń fi àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́, láàárín ọjọ́ 15 tí ilé ìwé ń ṣí. Kì í ṣe èmi ni mo gbé e.

Súwẹ́tà àtijọ́ ṣì wà nílé. Mo tú àmì ilé ìwé kúrò láyà rẹ̀, ó ń wọ̀ ọ́ sùn.