Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Báàjì Bẹ́rẹ́ Àwọn Ọ̀gá Sójà Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹ bá rí i tí ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ ọjà rẹ̀ lórí eBay pé "báàjì bẹ́rẹ́ ọ̀gá sójà, Ogun Àgbáyé Kìíní", ẹ má wulẹ̀ béèrè iye tó ń tà á. Ọdún 1918 ni ogun yẹn parí, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kò sì tíì máa dé bẹ́rẹ́ nígbà náà. Ọdún 1924 ni Ọba George Karùn-ún fọwọ́ sí i kí àwọn oní-tááǹkì, Royal Tank Corps, máa dé bẹ́rẹ́ dúdú. Fìlà tó ní ìbòjú níwájú kò ṣeé dé nínú tááǹkì tó há gádígádí, aṣọ dúdú kì í sì í tètè fi ọ̀rá ẹ́ńjìnnì hàn. Àwọn 11th Hussars, rẹ́jímẹ́ǹtì mìíràn, mú tiwọn ní 1928, aláwọ̀ búráùn tó ní ọ̀já pupa nídìí, wọn kì í sì í lẹ báàjì kankan mọ́ ọn. Ẹni tó bá wá ń ta "báàjì bẹ́rẹ́ 11th Hussars" fún yín, báàjì fìlà mìíràn ló ń tà.

Ní 1942 ni àwọn tó ń fi párásúùtù bọ́ láti inú bàálù gba bẹ́rẹ́ pupa dúdú, tí àwọn kọmáńdò sì gba aláwọ̀ ewé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni bẹ́rẹ́ tó kárí ilé àti ọ̀nà. Kódà nínú fọ́tò ìgbà ogun, ẹ máa wò ó dáadáa: lọ́dún 1943 ni wọ́n gbé fìlà káákì kan jáde fún ọ̀pọ̀ sójà, èyí tó jọ bẹ́rẹ́ lókèèrè, ṣùgbọ́n ègé aṣọ ni wọ́n rán pọ̀ tó fi di fìlà. Bẹ́rẹ́ kọ́ nìyẹn.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í bi ara wọn nìyí o: irú fìlà wo ni wọ́n ṣe báàjì yìí fún? Wọ́n á ti máa ṣírò ọdún kí wọ́n tó mọ ibi tó ti wá.

Ẹ má fi adé nìkan ka ọdún

Gbogbo ẹni tó bá fi ọjọ́ méjì wọnú iṣẹ́ yìí ló mọ òfin adé. Adé Ọbabìnrin Victoria wà lórí báàjì títí di 1901. Adé Tudor, tí àwọn olùkójọ ń pè ní adé ọba, tẹ̀ lé e títí Ọba George Kẹfà fi wàjà ní 1952. Adé St Edward, adé ọbabìnrin, ló wà níbẹ̀ nígbà Elizabeth Kejì. Ojú lásán lè dá wọn mọ̀: ọwọ́ adé Tudor gun òkè, ó sì yípo bí ẹ̀yìn igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀; ti Elizabeth rọ̀ wọnú láàárín, lábẹ́ bọ́ọ̀lù kékeré tí àgbélébùú dúró lé.

Òfin náà dára, àmọ́ ibi tí àwọn èèyàn ti ń fi í ṣubú pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé adé Tudor ti padà dé. Nígbà tí Ọba Charles Kẹta jọba ní 2022, òun ló yàn, àwọn báàjì tuntun sì ti ń jáde pẹ̀lú rẹ̀. Báàjì tí wọ́n tẹ̀ lánàá lè ní adé ọba lórí. Bí wọ́n bá fi tíì dúdú tàbí kẹ́míkà sọ ọ́ di arúgbó, ẹni tó gbójú lé adé nìkan yóò sanwó 1944 fún un.

Èkejì, kò sẹ́ni tó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ní 1952 tó bọ́ báàjì rẹ̀ sọnù. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyípadà náà wáyé, ọ̀gá tó sì ti fi owó ara rẹ̀ ra fàdákà gidi kò yára pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà adé ọba lórí báàjì ń sọ ìgbà tí wọ́n ya àwòrán òǹtẹ̀ rẹ̀, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń tẹ báàjì jáde, kò sọ ọdún tí wọ́n lò ó kẹ́yìn. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, kò sí àwíjàre kankan. Báàjì Parachute Regiment, ti àwọn oní-párásúùtù, ní párásúùtù láàárín ìyẹ́ méjì, adé àti kìnnìún sì wà lókè rẹ̀. Bí adé ibẹ̀ bá jẹ́ ti Elizabeth, kò lè dé Arnhem, ìlú Netherlands tí àwọn oní-párásúùtù ti jà, ní oṣù kẹsàn-án 1944, ìtàn yòówù kí ẹni tó ń tà á pa. Àwọn báàjì "Arnhem" bẹ́ẹ̀ ṣì ń jáde lórí àtẹ.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tí kò ní adé ọba rárá. Rẹ́jímẹ́ǹtì 17th/21st Lancers ní agbárí òkú àti egungun méjì tó gbé ara wọn ní àgbélébùú, pẹ̀lú "OR GLORY" lábẹ́ rẹ̀. Ìṣàkóso ọba yí padà, agbárí kò yí padà. Ìyẹ́ mẹ́ta ti Prince of Wales, àrẹ̀mọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, náà ń bẹ lórí báàjì púpọ̀, adé kékeré ìdí wọn jẹ́ ti ọmọ ọba, òfin Tudor àti St Edward kò sì kàn án. Mo ti rí ẹni tó fi adé ọmọ ọba yìí ṣírò ọdún, tó sì ń jà lé e lórí.

Orúkọ ló máa ń sọ púpọ̀ jù

Lójú tèmi, ibí ló yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, torí orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ní ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú. Ẹ wo àwọn ọlọ́pàá ológun. Títí di 1946, Corps of Military Police ni wọ́n ń jẹ́. Ọdún yẹn ni wọ́n fi "Royal" kún un. Lórí báàjì wọn, lẹ́tà orúkọ ọba wà láàárín ewé: GR tó ní VI nínú jẹ́ ti George Kẹfà, EIIR jẹ́ ti Elizabeth. Bí ẹ bá wá rí lẹ́tà George Kẹfà pẹ̀lú "Royal Military Police" lórí báàjì kan ṣoṣo, ẹ ti há ọdún rẹ̀ mọ́ àárín 1946 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Adé nìkan ì bá fún yín ní àádọ́ta ọdún gbáko.

REME, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ọmọ ogun ṣe, bẹ̀rẹ̀ ní 1942. Báàjì wọn àkọ́kọ́ ní ásà kéékèèké mẹ́rin tí lẹ́tà R, E, M àti E wà lórí wọn. Ní 1947 wọ́n pa á tì, wọ́n mú ẹṣin tó dúró lórí ayé pẹ̀lú mànàmáná. Ọdún márùn-ún péré ni ti àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ayédèrú rẹ̀ fi pọ̀. Tank Corps ńkọ́? Báàjì tó kọ "TANK CORPS" sára ti kọjá lọ kí bẹ́rẹ́ tó dé, torí 1923 ni wọ́n di "Royal", tí gbólóhùn "FEAR NAUGHT" sì gba ipò orúkọ náà. Síbẹ̀ ẹ óò rí i lára bẹ́rẹ́ dúdú tuntun níbi ìpàtẹ ọjà ológun, tí wọ́n tò ó sínú gíláàsì bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wá.

Ti ilé wa náà tún wà. Báàjì igi ọ̀pẹ tí àwọn kan ń bá nínú àpótí bàbá àgbà ni ti Royal West African Frontier Force, tí àwọn ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n yá wá darí àwọn ọmọ Nàìjíríà náà lò. Ọdún 1928 ni "Royal" wọ orúkọ wọn. Èyí tó kọ W.A.F.F. láìní R níwájú ti wà ṣáájú ìyẹn. Ẹ má tètè pè é ní báàjì bẹ́rẹ́ torí pé bàbá dé bẹ́rẹ́ nínú fọ́tò ẹ̀yìn òmìnira.

Èyí tó ń dán jù kì í ṣe ti ọ̀gá

Ìjọba ló ń fún sójà lásán ní báàjì. Àwọn ọ̀gá ní tiwọn a máa fi owó ara wọn rán aṣọ, wọ́n a sì ra báàjì lọ́wọ́ télọ̀ tàbí lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ fàdákà tó bá wù wọ́n. Ibí ni gbogbo wàhálà ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀gá méjì nínú rẹ́jímẹ́ǹtì kan náà lè ní báàjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́dún kan náà: ti ọ̀kan fàdákà pọ́ńbélé, ti èkejì idẹ tí wọ́n fi fàdákà bò lójú. Nítorí náà, pé báàjì kan kò jọ ti inú ìwé kò tó láti pè é ní ayédèrú, pé ó sì rẹwà kò tó láti pè é ní ti ọ̀gá.

Àwọn tuntun a máa rò pé ohun tó ń kọ mànà ni ti ọ̀gá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fún sójà lásán ní báàjì alumíníọ́mù tí wọ́n pa láró wúrà tàbí fàdákà, Staybrite ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣá, kò nílò pólíìṣì, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí irin wọ́n, ike ni wọ́n fi ṣe ti ọ̀pọ̀ wọn. Ti ọ̀gá lè jẹ́ búrọ́ọ̀ǹsì aláwọ̀ ṣokoléètì tí kò dán rárá, èyí tó bá aṣọ káákì wọn rìn láti 1902. Orí fìlà káákì ni ibùgbé rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló gun orí bẹ́rẹ́. Fàdákà àti èyí tí wọ́n fi omi wúrà bò tún wà. Ṣùgbọ́n èyí tó sún mọ́ bẹ́rẹ́ ọ̀gá jù lọ ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi wáyà wúrà àti fàdákà ṣe lórí aṣọ.

Wáyà yìí ló sì ń mú èèyàn jù. Iṣẹ́ náà kò tíì kú. Ìlú Sialkot ní Pakistan ṣì ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì dára. Kò sí ibi tí ẹ̀tàn wà nínú iṣẹ́ wọn. Ẹni tó ra tuntun tó ń tà á fún yín bí ti 1950 ló ń tan yín. Wáyà àtijọ́ a máa ṣá di dúdú ní àwọn kọ̀rọ̀ tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, kì í ṣú déédéé bí ẹni kun ún. Ẹ yí i padà: bébà tàbí aṣọ tó ti gbó, òwú tó ti ṣá, àmì ibi tí wọ́n ti rán an mọ́ fìlà rí. Bí ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì UV tàn án nínú òkùnkùn, tí òwú rẹ̀ sì tàn funfun bí àtùpà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òwú òde òní, àmọ́ ọṣẹ ìfọṣọ òde òní náà lè mú òwú àtijọ́ tàn bẹ́ẹ̀.

Mẹ́ta ló tún ń jọ báàjì ọ̀gá. Báàjì ọrùn aṣọ máa ń kéré, méjì méjì ni wọ́n, wọ́n sì sábà ń kọjú síra. Ẹni tó bá ní ọ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ á pè é ní "ti bẹ́rẹ́, fún ọ̀gá". Búróòṣì olólùfẹ́, tí sójà ń rà fún ìyàwó tàbí àfẹ́sọ́nà, lè jẹ́ fàdákà gidi pẹ̀lú àwọ̀ mèremère, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àti ìkọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Báàjì àpò kóòtù tí àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ń wọ̀ náà jẹ́ iṣẹ́ wáyà, àmọ́ ó tóbi. Bí ẹ bá gbé e lé bẹ́rẹ́, á bo gbogbo iwájú orí.

Ẹ̀yìn rẹ̀, àti ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fi kàn án

Báàjì òǹtẹ̀ gidi máa ń jìn wọnú lẹ́yìn níbi tó bá ti yọ síta níwájú. Èyí tí wọ́n yọ́ irin dà máa ń ní ihò wínníwínní, etí rẹ̀ a sì máa rí bákan. Irin pẹlẹbẹ gígùn lẹ́yìn sábà ń jẹ́ ti sójà lásán. Òrùka kéékèèké méjì tàbí irin pẹlẹbẹ méjì tó ṣeé tẹ̀ wọ́pọ̀ lára ti ọ̀gá. Mo ní "wọ́pọ̀", torí òrùka wà lára ti sójà náà. Ohun tó tún burú ni pé wọ́n ti fi àwọn òǹtẹ̀ àtijọ́ tẹ báàjì tuntun, tí ojú rẹ̀ bá ti gidi mu pátápátá. Orúkọ J.R. Gaunt tàbí Firmin, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe báàjì, lẹ́yìn rẹ̀ kò fọwọ́ sọ̀yà, nítorí wọ́n ń tẹ orúkọ náà sára ayédèrú.

Fàdákà tó ní òǹtẹ̀ ìjọba rọrùn díẹ̀: kìnnìún tó ń rìn fi hàn pé ó pójú ìwọ̀n, ìdákọ̀ró jẹ́ ti Birmingham, lẹ́tà kan sì dúró fún ọdún. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí èèyàn rí lẹ́tà kó sì mú ọdún àkọ́kọ́ tó bá a mu. Lẹ́tà kan náà a máa padà wá lẹ́yìn ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ àti irú àpótí tó wà nínú rẹ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Brasso, pólíìṣì irin, kan búrọ́ọ̀ǹsì ọ̀gá. Á dán, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọ̀ ṣokoléètì tí ẹ bó kúrò ni ẹ̀rí tí ẹ ní. Omi wúrà náà á ṣí, wáyà kò sì gbọdọ̀ rí omi. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ láti gbọn eruku kúrò ti tó.

Bí wọ́n bá ní báàjì náà jẹ́ ti ọ̀gá kan báyìí, tí wọ́n tìtorí orúkọ rẹ̀ fi owó kún un, ẹ má kàn gba lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé gbọ́ lásán. London Gazette máa ń gbé orúkọ àwọn tí wọ́n bá fi joyè ọ̀gá ológun jáde, pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àti ọjọ́, ọ̀fẹ́ sì ni wíwá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí orúkọ ọ̀gá náà bá wà níbẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn, tàbí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti yí báàjì padà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, iye báàjì lásán ni kí ẹ dá.